Páànù Ẹ̀yìnkùlé Lọ Sílé Agbẹ̀bí

Èmi, Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, olórí ẹbí yìí, alága gbogbo ìpàdé tí wọ́n bá ti gbé àga fún mi, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Mo-Ti-Sọ-Ọ́, mo kéde fún ẹ̀yin ọmọ mi àti ẹ̀yin tí ẹ ó pín ogún mi pé orí mi pé, ojú mi ríran, kò sì sẹ́ni tó fún mi lọ́tí mu. Ohun tí mo bá kọ síhìn-ín ni kí ẹ ṣe. Ẹ má pe ìpàdé lé e lórí.

Ìkíní. Ilé tí mo ń gbé, mo fi í sílẹ̀ fún ìyàwó mi, Ìyá Àgbà. Òun ló ń gbá a, òun ló ń kùn ún. Èmi kàn máa ń jókòó síwájú rẹ̀ ni.

Ìkejì. Ewúrẹ́ mi tó ń jẹ ìwé di ti àkọ́bí mi obìnrin, tó máa ń ní òun nìkan ló mọ nǹkan tọ́jú. Kó tọ́jú ẹ̀ ká wò ó.

Ìkẹta. Kẹ̀kẹ́ mi di ti ọmọ ọmọ mi tó sá kúrò níléèwé. Ọmọ dáadáa ni, olóye, ó tún rẹwà, àmọ́ òpònú ni mò ń pè é láìnídìí.

Ìkẹrin. Ó wá kan páànù tí a ò tíì lò rí tó wà lẹ́yìnkùlé, tí mo ní mo fẹ́ fi kọ́ ilé àlejò látìgbà tí ìyá ọmọ ọmọ mi ti wà lọ́mọge. Ìjì ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣí òrùlé ìsàlẹ̀ àdúgbò bí ẹni ṣí ìkòkò. Mo sì ṣèlérí níwájú kámẹ́rà pé ìgbìmọ̀ olùrànlọ́wọ́ ni mo máa kó páànù náà fún. Mo yí i padà. Fóòmù ìbùsùn tí a kó fún wọn nígbà omíyalé tó kọjá ṣì wà nínú ọ̀rá ní gbọ̀ngàn wọn, alága wọn ló ń sùn lórí ẹ̀ lọ́sàn-án. Kí wọ́n kó ìyẹn jáde ná. Agbẹ̀bí ni mo fún ní gbogbo páànù náà. Òrùlé ilé rẹ̀ ti bá ìjì lọ, abẹ́ ọ̀rá tó ń jò sì ni àwọn aboyún ti ń rọbí.

Ìkarùn-ún. Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ ní ìgbìmọ̀ ni mo máa kó o fún, tí mo yẹ Agbẹ̀bí sílẹ̀, rèé. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo kọ̀wé sí Agbẹ̀bí pé kó fẹ́ mi. Ó ní, “Tíṣà, ẹnu ẹ ti pọ̀ jù. Ìgbà wo lèmi ó ráyè sọ̀rọ̀?” Láti ọjọ́ náà, mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Òun ló gbẹ̀bí gbogbo ọmọ mi, mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Ìyá Àgbà mọ̀. Ó ní kíkọ̀ tí Agbẹ̀bí kọ̀ mí ló jẹ́ kóun rí mi fẹ́, òun ò sì tíì mọ̀ bóyá kóun dúpẹ́ ni tàbí kóun lọ bá a jà.

Ó tó. Ọ̀fun ti ń dùn mí.

Bàbá Àgbà, ẹ ò kú, ẹ wà ní yàrá yín, ẹ ń hanrun. Èmi ni mo kọ ọ́, òpònú yín. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí káfíńtà dé ẹ̀yìnkùlé wa, mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn yín, mo wúkọ́ bíi tiyín, mo ní, “Káfíńtà! Kí lò ń wò? Kó páànù yẹn lọ sílé Agbẹ̀bí, kí n tó jáde síbẹ̀!” Ó ní, “Ẹ má bínú, sà,” ló bá gbé e. Kò sẹ́ni tó bi yín pé kí ló dé. Bí ẹ ṣe kọ́ wọn nìyẹn.

Mi ò ní tọrọ àforíjì. Ẹ nà mí tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ gba kẹ̀kẹ́ yín. Àmọ́ káfíńtà ti kan ìdajì, aboyún kan sì ń rọbí lábẹ́ ẹ̀ báyìí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba páànù yín, ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín, kí ẹ dúró tì í, kí ẹ ní kí wọ́n tú u.

Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìjì.

Òǹkọ̀wé: Ọmọ ọmọ yín. Ohùn yín ni mo mọ̀ ọ́n sín jẹ, mi ò lè fọwọ́ sí i fún yín. Àyè yín nìyí: ...............

Ẹlẹ́rìí kìíní: Káfíńtà. Orí òrùlé ló ti fọwọ́ sí i. Kò tíì mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin.

Ẹlẹ́rìí kejì: Ìyá Àgbà. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ àwọn gàdàgbà, kójú yín lè rí i dáadáa.