Àpò Oúnjẹ Tí Wọ́n Rí Lọ́wọ́ Mi ní Barking

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àbójútó ilé, ẹ kú àdúrà tí ẹ ń gbà lórí wa. Láti ọ̀nà jíjìn yìí ni mo ti dọ̀bálẹ̀ fún yín, ìyàwó yín Fúnkẹ́ náà kúnlẹ̀, àwọn ọmọ sì ní kí n bá àwọn kí Màmá Ìjerò. Mo kí Bàbá Kékeré, mo kí Àǹtí Bísí, mo kí àbúrò mi Yẹmisí tó máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Yẹmisí, jọ̀ọ́, rọra kà á, má fo ibì kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá wà nítòsí, jẹ́ kó jókòó kó gbọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tó ti dé etí gbogbo ìlú kì í ṣe ohun tí à ń sọ ní kọ̀rọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí o fi í ránṣẹ́ káàkiri kí gbogbo ará ilé wa lè kà á.

Màámi, ẹkún tí ẹ sun lórí fóònù lọ́jọ́sí kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ ní wọ́n fi fọ́tò mi hàn yín, pé ẹnì kan tó mọ̀ mí láti ilé rí mi ní East Street, níbi tí wọ́n ti ń tajà ní Barking níbí, mo gbé àpò oúnjẹ tí wọ́n ń fún àwọn aláìní, ó sì fi fọ́tò náà sórí Wọ́ọ̀sáàpù àwọn ọmọ ìlú wa. Ẹ ní wọ́n ń sọ pé ọmọ yín ti di alágbe ní London. Ẹ béèrè bóyá iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi tí mi ò fẹ́ sọ fún yín. Mo ní rárá, ẹ ò gbà. Kí n má purọ́ fún yín: èmi ni mo wà nínú fọ́tò yẹn, àpò oúnjẹ ìjọ wa ló sì wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín.

Iṣẹ́ mi wà. Ọkọ̀ ẹrù ńlá ni mo ṣì ń wà láti Dagenham Dock, létí odò, níbi tí àwọn ilé ìkẹ́rùsí ti to lọ rẹrẹẹrẹ. Ìyàwó yín ṣì ń ta bàtà ní Vicarage Field, ilé ìtajà ńlá tó wà ní Barking níbí. Owó tí à ń fi ránṣẹ́ sí yín, òógùn wa ni. Òtútù ń mú. Atẹ́gùn odò a máa gba inú kóòtù wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ló le jù níbí, ìdánìkanwà ni. Èèyàn lè gbé ilé kan fún ọdún pípẹ́ kó má mọ orúkọ ẹni tó wà lódìkejì ògiri. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa wakọ̀ láti àárọ̀, tí mi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ju ẹni tó ń ṣí géètì lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbà wá. Aláṣọ funfun tí ẹ tọ́ wa sí náà la ṣì jẹ́. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí àárín ìlú Barking la ti ń jọ́sìn. A ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ á tutù, a ó sì kọrin títí ara á fi gbóná.

Ìjọ yìí ló ń dáná ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Bàbá Alágbà, olórí ìjọ wa, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ohùn ilé kò tíì kúrò lẹ́nu wọn, ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ní àdúrà tí a gbà fún ẹni tí ebi ń pa, tí a ò sì fún un lóúnjẹ, àdúrà ọ̀hún kò tíì ní àmín. A máa ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà, a sì máa ń di gaàrí, òróró àti tòmátì inú agolo sínú àpò fún ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sílé. Ẹnikẹ́ni ló lè wá, òyìnbó, ọmọ Nàìjíríà, ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹni tí kì í lọ. Bàbá òyìnbó kan wà tí à ń pè ní Bàbá Tọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jẹ ìrẹsì wa, ata mú un títí omi fi dà lójú rẹ̀. A rò pé kò ní padà wá mọ́ láé. Ní Sátidé kejì, òun ló kọ́kọ́ dé.

Ẹni tó ń bu oúnjẹ ni arábìnrin kan tí mo máa pè ní Dúpẹ́. Orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ìtàn òun kí ọkàn yín lè balẹ̀. Tíṣà ni nílé kó tó wá síbí láti máa tọ́jú àwọn arúgbó. Òun ló máa ń lé orin fún wa. Ó mọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá wá jẹun, bó bá sì bu ìrẹsì, á fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí abọ́ lè gbà sí i.

Lọ́jọ́ kan tí gbogbo èèyàn ti lọ tán, ìyàwó yín wọ ilé ìdáná ìjọ láti mú nǹkan kan. Ó bá Dúpẹ́ tó tẹ̀ sórí ìkòkò, tó ń họ ìrẹsì tó jóná mọ́ ìdí rẹ̀ sínú ọ̀rá. Dúpẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní láti kékeré ni òun ti fẹ́ràn jíjóná rẹ̀. Fúnkẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tó délé, kò lè jẹun. Ó ní ẹni tó fẹ́ràn ìdí ìkòkò, orí ìdúró ló ti máa ń jẹ ẹ́, kì í dì í lọ sílé.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ó lọ kí i nínú yàrá tó háyà ní Dagenham. Ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó fi ìborùn wé orí àti etí, nítorí kò tan ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Omi nìkan ló wà nínú fíríìjì. Ibẹ̀ ni Dúpẹ́ ti sọ fún un pé ìjọba ti gba àṣẹ àtigba òṣìṣẹ́ láti òkè òkun kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó mú òun wá sí ìlú yìí. Iṣẹ́ ti dá. Bí òun kò bá tètè rí ibòmíì tó máa gba òun, àfi kí òun di ẹrù òun padà sílé, sọ́dọ̀ ìyá tó ta ilẹ̀ kó tó rí òun rán wá. Ó di ọwọ́ Fúnkẹ́ mú, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí ìjọ gbọ́. Ó ní òun tí òun ń bu oúnjẹ fún èèyàn, ojú wo ni òun fẹ́ fi gbé abọ́ kalẹ̀ kí wọ́n bu sí tòun?

A di oúnjẹ, a gbé e lọ fún un. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó gbé e padà wá fún wa bó ṣe wà, ó ní ká fún ẹni tó nílò rẹ̀ ju òun lọ. Màámi, ẹ̀rù bà mí. Mo rí i pé ìtìjú lè pa èèyàn kí ebi tó pa á.

Nǹkan mìíràn tún ń dá kún ìtìjú yẹn. Bùrọ́dá Túndé, tó ń ya fọ́tò fún ìjọ, a máa ya àwọn tó wá gba àpò, á sì gbé e sórí Fesibúùkù. Kò fi ìkà ṣe é o. Fọ́tò yẹn ló jẹ́ kí ọkùnrin kan tó ń ta oúnjẹ ilé wa ní Barking mọ̀ wá, tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún wa ní ìrẹsì. Ṣùgbọ́n mo ti ń rí bí àwọn kan ṣe ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí kámẹ́rà bá dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nígbà tí àwa tí à ń dáná ṣèpàdé, mo sọ ọ́. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ní ó wà nínú wa tí ebi ń pa, tí kò sì lè nawọ́. Túndé ní kí n dárúkọ ẹni náà ká lè ràn án lọ́wọ́. Mo ní bí mo bá dárúkọ rẹ̀, a ò ní rí i mọ́. Ó ní tí a bá wá pa kámẹ́rà tì, ta ni yóò mọ̀ pé à ń dáná, ta ni yóò máa gbé ìrẹsì wá? Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ.

Màámi, ẹ̀yin ni mo rántí. Ọdún tí ọkọ Ìyá Ṣadé kú, ẹ̀yin ń yan gaàrí lẹ́yìn ilé nígbà yẹn. Ẹ ó bu gaàrí kún abọ́ wa, ẹ ó fi aṣọ bò ó, ẹ ó ní kí èmi àti Yẹmisí gbé e lọ fún Ìyá Ṣadé, ká ní Màámi ní abọ́ yín tó wà lọ́dọ̀ wa rèé. Yẹmisí jà pé abọ́ wa ni, kì í ṣe tiwọn. Ẹ kàn wò ó lójú, ẹ ní kó lọ jíṣẹ́ bí a ṣe rán an. Ìyá Ṣadé a gba abọ́, wọ́n á ní a ṣeun tí a rántí dá a padà. Wọn ò dárúkọ gaàrí rí, ẹ̀yin náà ò sì retí rẹ̀. Nígbà tí mo dàgbà, tí mo gbọ́ ìwàásù pé Olúwa ò fẹ́ ká fun fèrè bí a bá ń ṣàánú, mi ò nílò ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Bí mo ṣe rò ó fún wọn nìyẹn. Bàbá Alágbà ló dáhùn. Wọ́n ní àwọn àgbà sọ pé ọwọ́ tó ń fúnni ló ń wà lókè, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ní Olúwa tí à ń sìn, lọ́jọ́ tó ń wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló wà, ó ń gbójú sókè wò wọ́n. Wọ́n ní láti Sátidé tó ń bọ̀, kò sí fọ́tò mọ́, kò sì sí ẹni tí yóò kúrò níbẹ̀ láìgbé àpò. Àwọn ni yóò kọ́kọ́ gbé.

Ariwo sọ. Arábìnrin kan ní òun ní ilé, òun ní mọ́tò, kí ni òun fẹ́ fi gaàrí aláìní ṣe, ṣé olè kọ́ nìyẹn? Bàbá ní kó gbé e lọ sílé, kó jẹ ẹ́, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún un jẹ, bó bá di Sátidé kejì kó mú ìlọ́po rẹ̀ wá. Wọ́n ní ẹni tí kò bá ní nǹkan kan, kó mú ara rẹ̀ wá, ẹnikẹ́ni ò ní bi í léèrè.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Bàbá Alágbà gbé tiwọn pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Túndé gbé tirẹ̀, ojú rẹ̀ le díẹ̀. Èmi náà gbé tèmi. Màámi, bí mo ṣe ń gba àárín ọjà East Street kọjá, ara mi ò lélẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n máa sọ fún gbogbo ẹni tí mo bá pàdé pé mo níṣẹ́ lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ bí àpò yẹn ṣe wúwo tó lọ́wọ́ àwọn tí mo ti ń gbé e fún. Ibẹ̀ ni ẹni tó ya fọ́tò ti rí mi. Ohun tí fọ́tò kò fi hàn yín ni pé Dúpẹ́ ń lọ níwájú mi, òun náà gbé tirẹ̀, òun àti Bàbá Tọ́ọ̀mù jọ ń rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Oúnjẹ kò wọ́n wa. Arábìnrin tó ní òun ní mọ́tò yẹn kó òróró àti ìrẹsì dé bí ẹni tó ń ṣíṣọ̀. Nígbà míì sá, ẹ̀wà a máa tán, a ó fi búrẹ́dì dí i. Ara Dúpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò. Nígbà tó yá, bí a ṣe jókòó tí gbogbo wa ń jẹun, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí nǹkan ṣe rí fún un. Arábìnrin kan láti ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, tó kó wá sí àdúgbò wa láti gúúsù London, tó kàn ní kí òun gbé ẹ̀wà sílẹ̀, gbọ́ ọ. Ó ní ilé àwọn arúgbó tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ń wá èèyàn, wọ́n sì láṣẹ láti gba ẹni tó wá láti òkè òkun. A gbààwẹ̀. Dúpẹ́ kọ̀wé síbẹ̀, ìdúró fún físà sì gùn débi pé ó ti ń di ẹrù. Ẹ rántí pé mo ní kí ẹ fi arábìnrin kan sínú àdúrà yín, tí mi ò sọ ìdí rẹ̀? Òun ni. Físà rẹ̀ ti jáde.

Nítorí náà, Màámi, ẹ má bá ẹni tó fi fọ́tò hàn yín jà. Bó bá tún dé, ẹ fún un lómi mu, kí ẹ sọ fún un pé òótọ́ ni, ọmọ yín ń gba oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, Dúpẹ́ ti ibi iṣẹ́ tuntun wá tààrà, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó bu oúnjẹ, ó lé orin. Nígbà tí à ń túká, mo rí i tó gbé àpò kan kọ́ èjìká. Mo fi ẹ̀fẹ̀ bi í pé ṣé kò tíì tó o ni, nígbà tó ti ń gbowó oṣù. Ó ní ó ti tó òun. Ó wá fojú júwe obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lọ́jọ́ yẹn, tó dúró ti ilẹ̀kùn, tó ń wo ọwọ́ olúkúlùkù wa kó tó mọ̀ bóyá kí òun na tòun. Ó ní òun fẹ́ kó rí ọwọ́ òun ni. Ó gbé àpò rẹ̀ gba iwájú obìnrin náà kọjá, ó kí i, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró de bọ́ọ̀sì. Obìnrin náà wò ó títí. Ó gbé ọ̀kan, ó sì tẹ̀ lé e.

Màámi, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ara yín á le, ojú yín ò ní rí ẹkún mọ́ nítorí tiwa. Ọlọ́run tó mú wa la òkun já yóò jẹ́ ká fojú kan ara wa nínú ayọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ìjọ, ẹ kí ará ilé, ẹ kí ará òde, àti ẹni tó béèrè mi àti ẹni tí kò béèrè.

Èmi ni, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀,

ọmọ yín,
Adéwálé