Ẹni Tó Ti Ilẹ̀kùn ní Ọjọ́ Ìṣílẹ̀kùn: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Dúpẹ́olúwa Àyìnkẹ́ Jọláyẹmí (1946–2025)

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà ọdún 1946 ni a bí Màmá Dúpẹ́olúwa Àyìnkẹ́ Jọláyẹmí ní àdúgbò Òkè-Ìrókò, ìlú Ìkirun, sínú ẹbí Ọmọ́dára. Olóògbé Jákọ́bù Ọmọ́dára ni bàbá wọn. Olóògbé Màríà, ọmọ bíbí ìlú Ìbà, ni ìyá wọn. Bàbá wọn àgbà ló kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Òkè-Ìrókò lọ́dún 1938. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, igi ni àjà rẹ̀, yàrá òkè rẹ̀ ni wọ́n sì bí Màmá sí. Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ilé yìí sọ́kàn, nítorí ó dẹ́rù ba Màmá ju ikú tó padà mú wọn lọ.

Lọ́dún 1952 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ọmọ tó mọ̀wé ni wọ́n, ṣùgbọ́n ojo ni wọ́n. A ò lè purọ́ níwájú òkú. Bí àrá bá sán, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí rélùwéè bá fọn fèrè nígbà tó ń wọ Ìkirun, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá wọn ní ọkọ tí yóò fẹ́ Àyìnkẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ kò le. Ta ni Màmá wá fẹ́ ní oṣù kejìlá ọdún 1970? Olóògbé Ṣẹ́gunfúnmi Jọláyẹmí, ọmọ Òkukù, òṣìṣẹ́ rélùwéè! Bàbá a máa sọ pé títí Màmá fi bí ọmọ mẹ́ta, bí ọkọ̀ ojú irin bá ti fọn fèrè, wọ́n ṣì ń dì mọ́ òun lápá, òun ò sì fi ìyẹn sùn ní ọ́fíìsì rí.

Láti ọdún 1968 títí di 2002 ni Màmá fi ṣe olùkọ́ ní Ìnísà, ní Òkukù, àti ní Ìkirun. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹgba kò sí lọ́wọ́ wọn. Wọn á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn á ní, "Kíláàsì!", ariwo á sì kú. Ohun gbogbo ló ń ba Màmá lẹ́rù láyé yìí àfi ọmọ ilé ìwé. Nínú ìjọ, wọ́n jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi àti akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Nígbà tí Bàbá jáde láyé lọ́dún 2009, Màmá padà sí ilé baba wọn ní Òkè-Ìrókò, ẹbí sì fi ilé náà lé wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù tòótọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti òkèèrè wá lè má mọ Ọjọ́ Ìṣílẹ̀kùn. Ní Sátidé kejì oṣù kẹjọ lọ́dọọdún, nígbà tí ilé ìwé ti gba ìsinmi gígùn tí àwọn ọmọ Èkó àti Àbújá ti wálé, ni Òkè-Ìrókò ń ṣe é. Bẹ́ńdì ìjọ á ṣíwájú, ọmọ àdúgbò á tò tẹ̀lé wọn, wọn á máa ti ojúde ilé àtijọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Onílé á ṣí ilẹ̀kùn, á ka orúkọ àwọn tó kọ́lé, àwọn àlejò á wọlé, wọn á gòkè lọ wo bẹ́ẹ̀dì onírin àti fọ́tò àwọn bàbá tí kì í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bá ilẹ̀kùn ní títì, bẹ́ńdì á dákẹ́ wẹ́lo. Ọkùnrin á ṣí fìlà. Wọn á gba iwájú ilé náà kọjá bí ẹni ń gba ẹ̀gbẹ́ òkú kọjá, ìlù kankan kò sì gbọdọ̀ dún mọ́ títí àwọn àlejò á fi gòkè ilé tó kàn tán. Láti ọdún 1994 tí ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀, ilé méjì péré ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Àwọn ọmọ ilé méjèèjì kì í wá sí Ìkirun mọ́ àyàfi tí wọ́n bá fẹ́ sìnkú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lóṣù karùn-ún ọdún 2017, Màmá gòkè lọ mú Bíbélì ẹbí. Bí wọ́n ṣe gbé ẹsẹ̀ lé àárín yàrá, nǹkan kan dún lábẹ́ wọn: kẹ̀ẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n dúró. Wọn ò lè lọ, wọn ò lè bọ̀. Wọ́n sọ fún Adédùntán ọmọ wọn lẹ́yìn náà pé ó tó wákàtí kan kí àwọn tó rántí bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Olúwatóbi, káfíńtà. Olúwatóbi mú ìṣó gígùn kan, ó tì í mọ́ igi àjà, ìṣó sì wọlé bí ìgbà tí èèyàn ki ìka bọ ẹ̀bà. Ikán ti jẹ inú igi tán. Àwọ̀ ìta nìkan ló kù.

Olúwatóbi bi wọ́n pé, "Màmá, ta ló ń gbé òkè yìí?"

"Ìsàlẹ̀ ni mò ń sùn. Bíbélì àti fọ́tò ló wà lókè."

"Ẹ jẹ́ kí Bíbélì máa dá gbé ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ mà."

Màmá sáré lọ bá àbúrò wọn, Bàbá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ Ọjọ́ Ìṣílẹ̀kùn. Bàbá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ilé yìí ni nọ́ńbà kìíní nínú ìwé ètò! Káfíńtà wo? Ọmọ tó kan àga fún mi, tí àga ń gbọ̀n ju èmi tí mo jókòó lé e lọ? Ọ̀dà la máa kùn ún." Wọ́n sì kun ọ̀dà sí i. Ilé ń dán. Ẹ̀rù Màmá di ìlọ́po méjì, torí pé wọn ò rí ojú ibi tí ògiri ti sán mọ́ láti mọ èyí tó ń gbòòrò sí i.

Lọ́dún 2017, 2018 àti 2019, Màmá ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n wọ́n dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn bí ṣọ́jà. Ẹni mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń jẹ́ kó gòkè. Àdúrà wọn kò yí padà: "Olúwa, mẹ́fà ló gòkè. Dá mẹ́fà padà fún mi." Bí àwọn mẹ́fà bá ń rẹ́rìn-ín lókè, Màmá ń làágùn nísàlẹ̀. Lọ́dún 2018 ni dókítà kọ́kọ́ sọ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ó ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù. Iyọ̀ kọ́! Lọ́dún 2020 àti 2021, Kòrónà kò jẹ́ kí wọ́n ṣe ọdún náà. Kí Ọlọ́run dárí ji Màmá: nínú gbogbo Òkè-Ìrókò, àwọn nìkan ló ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbomú.

Lọ́dún 2022, ọdún padà, èrò sì pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta. Ilé tó kọjú sí ti Màmá ni ti Alàgbà Oyèékànmí, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ náà ni. Kí ó lè yẹ ojú àlejò, Alàgbà ti gbé sìmẹ́ńtì àti táìlì lé orí igi àjà ti òkè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń kọ mọ̀nà. Gbogbo èèyàn ní ilé Alàgbà ti di tuntun. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ náà, Màmá fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn ilé baba wọn, wọ́n gbé àga síwájú rẹ̀, wọ́n jókòó. Ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n débi pé wọ́n fi ìró dì í pọ̀.

Bẹ́ńdì dé. Bàbá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé rí àgádágodo, ojú wọn pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣílẹ̀kùn."

"Mi ò ṣí i."

"Ẹ máa dójú ti bàbá wa nínú sàréè!"

"Kí ojú tì mí, Ọmọ́ṣẹ̀yìndé. Mo ti gbà. Ṣùgbọ́n èèyàn ò ní gòkè yìí lónìí."

Ẹnì kan pariwo láàárín èrò pé, "Màmá ti kó góòlù pamọ́ sókè!" Òmíràn ní, "Góòlù kẹ̀? Ọkọ tuntun ni!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, olórí bẹ́ńdì sọ fèrè kalẹ̀. Ìlù dákẹ́. Ọkùnrin ṣí fìlà. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn tí Màmá kọ́ ní á-bí-dí gba iwájú wọn kọjá láìwò wọ́n. Adédùntán tó dúró tì wọ́n sunkún. Màmá kò sunkún. Wọ́n kàn ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sin lójú ara rẹ̀.

Àwọn àlejò dà wọ ilé Alàgbà Oyèékànmí, ó tó ọgọ́ta, wọ́n gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Níta, kẹ́kẹ́ pa. Nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn ni Màmá ti gbọ́ ọ: kẹ̀ẹ́.

Wọ́n fò dìde, wọ́n rò pé ilé baba wọn ni. Ó tún dún. Iwájú ló ti wá! Eruku tín-ín-rín kan ń dà láti abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé Alàgbà sórí fìlà olórí bẹ́ńdì. Ká ní bẹ́ńdì ń lù ni, ta ni ì bá gbọ́? Àbùkù tí wọ́n fi kan Màmá ló la etí wọn. Wọ́n sá kọjá títì láìwọ bàtà.

"Alàgbà, ilé yín ń dún!"

Alàgbà Oyèékànmí ní, "Ìlara! Ẹ ti tiyín tán, tèmi ló kù kí ẹ tì?"

Màmá wo àtẹ̀gùn ilé náà. Wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá pariwo pé ilé ń wó, ọgọ́ta èèyàn á ya lu àtẹ̀gùn kan ṣoṣo. Ni ojo ilé Ọmọ́dára, ẹni tó ń sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bá gòkè. Wọ́n di ògiri mú ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dé òkè, wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Kíláàsì!"

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti jókòó sí kíláàsì Màmá rí. Ẹnu pa dé kí ọpọlọ wọn tó mọ ìdí.

"Ẹ tò. Ọwọ́ sí èjìká ẹni iwájú. Ẹ máa sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn, mi ò fẹ́ rí ìsáré."

Ọkùnrin kan tó wọ agbádá funfun rọra sọ pé, "Mà, mo ti di ọ̀gá bánkì o."

"Ọ̀gá bánkì, tò."

Ó tò. Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, táìlì ń sán lábẹ́ ẹsẹ̀ Màmá bí ìgbà tí èèyàn ń fọ́ ẹ̀pà. Àwọn ló sọ̀kalẹ̀ kẹ́yìn. Gbogbo èèyàn dúró sójú títì, wọ́n ń retí. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí nǹkan kan! Ilé ń dán nínú oòrùn. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. Alàgbà Oyèékànmí ní, "Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Ẹ padà wọlé, ẹ̀yin àlejò mi." Alàgbà gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Olórí bẹ́ńdì gbé fèrè sẹ́nu, ó fọn ọ́n. Òkè ilé náà wó sínú ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ariwo tí wọ́n gbọ́ dé ọjà.

Nígbà tí eruku lọ sílẹ̀, Alàgbà ṣì dúró sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, funfun bí ẹni tí wọ́n da ẹ̀lùbọ́ lé lórí. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Alàgbà wá bá Màmá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Màmá na ọwọ́ ọ̀tún láti fà wọ́n dìde. Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ ọ̀tún Màmá ti ń gbọ̀n.

Lọ́dún 2023, wọ́n fi Màmá jẹ ìyá ìsàlẹ̀ Ọjọ́ Ìṣílẹ̀kùn. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe: kí ẹnikẹ́ni tó wọ ilé kankan, bẹ́ńdì á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, gbogbo èèyàn á sì tẹ́tí. Ilé tó bá ti ilẹ̀kùn, wọn á kí onílé náà kú ọgbọ́n. Lọ́dún 2024, Màmá fọwọ́ sí i kí a tú òkè ilé Ọmọ́dára kúrò. Bàbá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé fúnra wọn ló di àkàsọ̀ mú fún àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì ń sunkún bí ọmọdé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rù kan ló kù fún Màmá. Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n bi Adédùntán pé, "Tí mo bá dé ọ̀hún, tí Bàbá àgbà bá bi mí pé òkè ilé òun ńkọ́, kí ni kí n wí?"

Adédùntán ní, "Ẹ sọ fún wọn pé kò sí ẹni tó kú níbẹ̀, mà."

Màmá rò ó títí. Wọ́n ní, "Ìyẹn dáa. Màá sọ bẹ́ẹ̀." Ọwọ́ wọn kò gbọ̀n nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 2025, ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni: Bàbá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé Ọmọ́dára, àbúrò, Adédùntán, Olúwadàmọ́lá àti Olúwaṣíjibòmí, àwọn ọmọ, Fìyìnfólúwa, Moyọ̀sọ́rẹ, Peace àti Olúwapẹ̀lúmi, àwọn ọmọ ọmọ, àti ọgọ́ta èèyàn tó sọ̀kalẹ̀.

Màmá wa, Àyìnkẹ́, ẹ̀rù ti tán. Ẹ fi ara balẹ̀ sùn. Kí ilẹ̀ Ìkirun tẹ́ yín lọ́rùn, kí Olúwa tí ẹ sìn ṣílẹ̀kùn fún yín. Ó dìgbà o.