Ọwọ́ Obìnrin Inú Fọ́tò

                                        Yàrá Kẹrin, Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Òkè,
                                        Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sì kú ìfaradà àwọn oníbàárà yín tó máa ń fẹ́ kí aṣọ ti jáde kí wọ́n tó gbé e wá. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ẹsẹ̀ Màmá ńkọ́, ṣé wíwú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀? Ọmọ yín ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bá ẹ̀rọ ìránṣọ yín jà? Èmi náà wà láàyè, mo sì ń jẹun, ẹ má fòyà.

Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti pè yín tí mo ń sunkún ni ọkàn yín kò ti balẹ̀. Ẹ forí jì mí. Ẹ mọ̀ pé tí mo bá ń fẹnu sọ̀rọ̀, ńṣe ni ọ̀rọ̀ mi máa ń gbá ara wọn ṣubú. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ̀wé.

Ẹ rántí pé èmi ni mo gba ẹ̀bùn àròkọ tó dára jù lọ láàrin àwa akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń lé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí n ṣáà wà níwájú. Wọ́n pe orúkọ mi, wọ́n pàtẹ́wọ́, olùkọ́ wa bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí. Ṣùgbọ́n kí n tó gun àtẹ̀gùn dé yàrá, ayọ̀ náà ti gbẹ bí omi tí wọ́n ta sórí páànù gbígbóná. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo ń wo ìwé ẹ̀rí náà, ohun kan ṣoṣo tó wá sí mi lọ́kàn ni pé, ta ló máa gba ti ọdún tó ń bọ̀? Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ká ní mo kùnà ni, mo mọ bí mo ṣe máa sunkún. Ṣùgbọ́n mo borí, inú mi sì ṣófo. Kí ni mo tún fẹ́ máa lé kiri? Bí mo ṣe pè yín nìyẹn, tí mo ní mò ń bọ̀ nílé, kí ẹ fi ìdí ẹ̀rọ kejì pamọ́ dè mí ní ṣọ́ọ̀bù, kí n wá máa ṣẹ́ etí aṣọ.

Ẹ ò bú mi. Ẹ kàn ní, "Má tíì di ẹrù. Wá iṣẹ́ kan tí kò ní máàkì, kó o máa ṣe é títí táàmù yìí á fi parí. Lẹ́yìn náà, bó o bá ṣì fẹ́ wá, máa bọ̀." Mo dúpẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbọ́rọ̀ sí yín lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rò nínú ara mi pé ohun tó ń ṣe mí kò yé yín.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ìwé kíkà fún ọmọ kíláàsì wa kan tí kò ríran. Ọ̀gá Etí la máa ń pè é, torí ìró ẹsẹ̀ ló fi ń dá èèyàn mọ̀ kí onítọ̀hún tó lanu. Ẹ̀kọ́ nípa ìtàn ìgbà àtijọ́ ni àwa méjèèjì ń kọ́. Ó ní ẹ̀rọ tó máa ń kàwé fún un, ṣùgbọ́n àwọn ìwé àtijọ́ inú ilé ìkàwé ti ṣá jù fún ẹ̀rọ náà. Àfi kí èèyàn kà á.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kàwé bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀wé kà. Ó jẹ́ kí n ka ojú ewé kan tán, ó ní, "Jọ̀ọ́, ṣé ọlọ́pàá ló ń lé ẹ bọ̀ ni?" Ó wá bi mí bóyá ó ti rẹ̀ mí. Mo mi orí. Ó tẹ́tí sí mi, ó ní, "Orí lò ń mì, àbí? Mì ín dáadáa kí ọrùn ẹ ró, kí n lè gbọ́." Ojú tì mí débi pé ọwọ́ ni mo tún fi bẹ̀ ẹ́ dípò ẹnu! Nígbà tí mo jẹ́wọ́ ìyẹn fún un, a rẹ́rìn-ín títí olùtọ́jú ilé ìkàwé fi wá gbá tábìlì wa.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun gbogbo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a dé ojú ewé kan tó ní fọ́tò, mo sì ṣí i kọjá bí mo ṣe máa ń ṣe, torí wọn kì í béèrè fọ́tò nínú ìdánwò. Ó gbọ́ ìró ìwé náà.

"Kí lo fò?"

Mo ní fọ́tò lásán ni, obìnrin kan ló kàn dúró síwájú ilé.

"Kò sẹ́ni tó ń kàn dúró. Ọwọ́ ẹ̀ ńkọ́?"

Mo padà wò ó. Ọwọ́ òsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí rẹ̀. Mo wá ọwọ́ ọ̀tún, n ò tètè rí i, àfi ìgbà tí mo gbé ìwé náà sún mọ́ fèrèsé. Obìnrin náà na ọwọ́ ọ̀tún sí etí fọ́tò níbi tí wọ́n gé e dé, ìka ẹlòmíràn sì wà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìka nìkan. Ẹni tó ni ìka kò sí nínú fọ́tò rárá. Wọ́n kọ orúkọ obìnrin náà àti iṣẹ́ ribiribi tó gbé ṣe sí ìsàlẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó dì í lọ́wọ́ mú.

Ọ̀gá Etí na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n ṣe é bó ṣe wà gan-an. Mo fi ìka mi sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó dì í mú le ni àbí jẹ́jẹ́?" Mo wo fọ́tò náà títí, mo ní ó dì í mú le.

"A jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà á."

"Èwo nínú wọn?"

"Ìwọ lo lójú, wò ó!"

Ọ̀rọ̀ ìka yẹn la sọ títí agogo fi lù pé wọ́n fẹ́ ti ilé ìkàwé. Ìgbà tí à ń jáde ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé wọ́n ti lẹ èsì ìdánwò wa mọ́ ògiri láti àárọ̀, n ò sì tíì lọ wò ó. Èmi! Mo lọ wò ó. Ipò kẹfà. Ó dùn mí, n ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ìrora náà kò ráyè wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí bí àlejò tí wọn ò fún ní àga, torí inú mi ti kún kó tó dé. Títí di òní, ohun tó kún inú mi yẹn kò tíì gbẹ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè, ṣùgbọ́n n ò tíì mọ ẹni tó jẹ́ ọmọdé nínú èmi àti Ọ̀gá Etí.

Ẹ má rò pé mo ti gbọ́n o. Ó ṣeé ṣe kí n tún pè yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí n máa sunkún. Mo sì ń kàwé mi, kí Màmá má lọ gbọ́ pé mo ti pa á tì. Ṣùgbọ́n mo ń rántí yín. Bí oníbàárà bá yìn yín, "ẹ ṣé" nìkan lẹ máa ń sọ. Ìgbà tí ẹ bá yí inú aṣọ síta, tí ẹ ń tún ojú rírán tí ẹnikẹ́ni ò ní rí ṣe, ìgbà yẹn lẹ máa ń fimú kọrin. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orin yẹn.

Nítorí náà, ẹ má fi ìdí ẹ̀rọ kejì pamọ́ dè mí mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ jókòó síbẹ̀. Bí mo bá dé fún ìsinmi, màá jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá yín.

Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ ní kí wọ́n máa gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè. Ẹ bá mi fa ọmọ yín létí díẹ̀ kí ẹ̀rọ ìránṣọ lè sinmi.

Mo fi fọ́tò ọjọ́ tí mo gba ẹ̀bùn sínú lẹ́tà yìí. Èmi nìkan lẹ máa rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo aṣọ ọrùn mi tí ẹ rán dáadáa, Ẹ̀gbọ́n mi. Ìka yín ló wà níbẹ̀ yẹn.

Èmi tó jẹ́ tiyín tinú-tòde,

Àbíkẹ́yìn Màmá