Igun Ọ̀rá Ara Ọkọ̀ Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ-ọmọ mi. Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ ti fúyẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tèmi ṣì ń ru díẹ̀, ṣùgbọ́n mò ń lo oògùn mi. A ti tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, kò jò mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rẹ tí o fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Nígbà tí oníṣẹ́ tí o rán wá lẹ ọ̀rá tó mọ́ gaara sí i lára tán, kí nǹkan má baà ha ọ̀dà rẹ̀, mo bi í bóyá kò ní pa dídán ọ̀dà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, gíláàsì tó wà lójú fọ́tò ìgbéyàwó yín, ṣé ó pa dídán ojú Màmá?" Ìyá rẹ ní kí n dáhùn.

Síbẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo fi èékánná ṣí igun kan lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí n lè wo abẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà ń dán bí ìgbà tí o lọ. Mo rí ojú ara mi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n igun náà kò lẹ̀ mọ́, eruku sì ti wọlé. Nígbà tí o rí fọ́tò rẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́, tí o ní oníṣẹ́ yẹn kò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ mọ́, mo dákẹ́. Èmi ni mo bà á jẹ́. Jọ̀ọ́, pè é, kí o bá mi bẹ̀ ẹ́. Ojú ń tì mí láti lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ọlọ́run á pa yín mọ́, ẹ óò bá wa láyọ̀. Mo ti fi aṣọ bo ọkọ̀ náà báyìí. Bá mi bi oníṣẹ́ bóyá aṣọ kì í ha ọ̀rá.

Èmi ni,
Bàbá rẹ