Ọkọ̀ Tí A Ò Tíì Ṣí

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà

Ó dé! Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀bẹ̀, gbogbo ìpàdé, ọkọ̀ tí yóò máa gbé àwọn aláìsàn wa lọ sí ọsibítù ńlá ti dé. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, kì í ṣe mọ́tò, ṣùgbọ́n lójú mi ó sàn ju mọ́tò lọ. Ibùsùn wà lẹ́yìn rẹ̀, àga nọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ibi tí a ó máa so omi tí à ń fà sára aláìsàn kọ́ sí wà lókè. Ọ̀rá ṣì wà lára tìmùtìmù. Jẹ́jẹ́ ló wà á wá láti ìlú. Awakọ̀ wa nìyẹn. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, nítorí ìgbín lè yà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Màdáámú, ọ̀gá àjọ wa, pè mí láti ìlú. Àwọn àlejò tó fowó ra ọkọ̀ náà ń bọ̀ wá ṣí i ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n máa gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n máa ya fọ́tò. Ó ní òun ò fẹ́ kí ìdọ̀tí kankan kàn án, tuntun ni kí wọ́n bá a. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n mà, ó tán mà. Jẹ́jẹ́ fi tapólì bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oògùn, ó ní Ọmọge ò gbọdọ̀ róòrùn. Ọmọge ni mo ń pe ọkọ̀ náà báyìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Mo ti lọ ká tapólì sókè wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bọ́jú. Àgbàyà ni mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Ọjọ́ àwọn aboyún. Bẹ́ǹṣì kún fọ́fọ́. Ẹlẹ́rìn-ín wá — ìyàwó Agégi, àwọn tó ń gbé ní òdìkejì odò. Oyún rẹ̀ kẹta nìyí, ó ti sún mọ́ oṣù mẹ́jọ. Kò sí ohun tí kì í pa obìnrin yẹn lẹ́rìn-ín, ìyẹn ni mo ṣe fún un lórúkọ.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, mo fìka tẹ̀ ẹ́, ojú ìka mi ò tètè kúrò níbẹ̀. Mo fún un lóògùn, mo kìlọ̀ fún un dáadáa: bí orí bá ń fọ́ ọ, bí ojú rẹ̀ bá ń ṣú, bí òkè inú bá ń ro ó, kó sáré wá. Ó ní, ẹsẹ̀ wo lòun máa fi sáré, ṣé èyí tó wú yìí? Àwọn aboyún yòókù rẹ́rìn-ín títí, ìyá kan ní kó má jẹ̀ẹ́ kóun bímọ síbẹ̀. Bó ṣe ń lọ, ó nawọ́ sí tapólì, ó ní ta ló wà lábẹ́ yẹn. Mo ní ọkọ̀ tó máa gbé e ni bó bá di dandan. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Màdáámú ti ń pè ṣáá lórí ọ̀rọ̀ rìbọ́ọ̀nù. Ṣé pupa ni ká lò ni àbí búlúù? Jẹ́jẹ́ ní èyí tó bá wù wọ́n, kí wọ́n ṣáà má fi so òun mọ́ ọn. Mo ti ń múra ọ̀rọ̀ tí màá sọ níwájú àlejò. "Ọkọ̀ yìí yóò gba ẹ̀mí là." Mo sọ ọ́ níwájú dígí. Ó dùn létí mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Òjò. Mi ò lè kọ nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Bí mi ò bá lè sọ òótọ́ níbí, níbo ni mo fẹ́ ti sọ ọ́?

Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Agégi gbé ìyàwó rẹ̀ wá lórí alùpùpù aládùúgbò wọn. Orí ń fọ́ ọ. Ó ní ojú òun ń ṣú, nǹkan ń kọ mànà níwájú òun. Kò rẹ́rìn-ín rárá, ìyẹn nìkan tó kí n mọ̀. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo tún un wọ̀n, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ẹ̀rọ ló ń purọ́. Mo gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà gìrì aboyún. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, mo ní kó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, mo fi ìborùn mi bò ó lójú. Ọsibítù ńlá ló kù, kíákíá.

Mo pe Màdáámú. Kò gbé e. Mo tún pè. Kò gbé e.

Agégi wà níta, ó ń bá alálùpùpù sọ̀rọ̀. Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu omi òjò nù lójú. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, epo kún inú ẹ̀. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá." Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò aṣọ mi, ọwọ́ mi wà lára ẹ̀. Mo wo ìta. Ẹrẹ̀ ni gbogbo ọ̀nà. Mo ń ro tìmùtìmù funfun yẹn, mo ń ro àwọn àlejò, mo ń ro ohùn Màdáámú. Mo tún rò pé obìnrin yìí ṣì lè jókòó, ó ṣì ń dá mi lóhùn, alùpùpù sì yára ju kẹ̀kẹ́ lọ. Àwáwí ò wọ́n mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò tíì ṣí i. Àbámẹ́ta ni. Ẹ jẹ́ kí alùpùpù gbé e."

Jẹ́jẹ́ wò mí. Mo gbójú sápá kan.

Agégi wọlé, ó ní ọkọ̀ tuntun ńkọ́. Mi ò lè la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ rìbọ́ọ̀nù fún ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ wà nílẹ̀. Mo ní bíréèkì rẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Ó bọ́ lẹ́nu mi wẹ́rẹ́, àfi bíi pé mo ti ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Háà, ẹ ṣé o, Nọ́ọ̀sì. Ẹ ò jẹ́ ká lọ kó séwu." Wọ́n fi í sí àárín, alálùpùpù níwájú, ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó gbá a mú. Kò síbi tí èmi lè jókòó sí. Nínú Ọmọge, àga mi wà níbẹ̀.

Gìrì mú un lójú ọ̀nà. Wọ́n gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà nínú òjò, ọkọ rẹ̀ bọ́ ẹ̀wù bò ó, títí ọkọ̀ tó kó pákó fi kọjá tó gbé wọn. Alálùpùpù ló padà wá ròyìn fún wa. Kò lè jókòó, ó ń rìn káàkiri, ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ. Wọ́n ní olójú kì í la ojú ẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ kó wọ̀ ọ́. Èmi la ojú tèmi sílẹ̀, ojú ẹlòmíì ló wọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ọmọ ò yè. Ìyá ò tíì lajú.

Màdáámú ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí padà. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ àsíá ìkíni fún àwọn àlejò lòun wà lọ́jọ́rú, òun pa ohùn fóònù. Kí ló dé tí mo ń pe òun léraléra? Mo sọ fún un, mi ò mẹ́nu kan bíréèkì. Ó ní, "Ọkọ̀ aláìsàn ni, aláìsàn dé, o wá ń wá àṣẹ? Ṣé o ò kúkú gbé e lọ ni? Ta ló máa bá ẹ jà?"

Ó lè jẹ́ pé ẹnu lásán ni. Ó rọrùn láti sọ báyìí. Ṣùgbọ́n láti Ọjọ́rú, òun ni mo ti ń di gbogbo ẹ̀ lé lórí nínú ọkàn mi: ọ̀gá ló sọ bẹ́ẹ̀, àṣẹ ni. Ó ti já a gbà lọ́wọ́ mi. Kò ku ẹlòmíì mọ́, èmi nìkan ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Wọ́n ṣí i. Pupa ni rìbọ́ọ̀nù. Oòrùn ràn bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Mo sọ ọ̀rọ̀ mi, "yóò gba ẹ̀mí là," wọ́n pàtẹ́wọ́. Jẹ́jẹ́ ò pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò, ìyá arúgbó ọlọ́yàyà kan, ní òun máa dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn kí wọ́n ya òun. Ó gùn ún tòun ti bàtà. Ẹrẹ̀ kún gbogbo tìmùtìmù. Màdáámú rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí wàhálà mà, a máa fọ̀ ọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ, èmi ni mo fọ ẹrẹ̀ náà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ẹlẹ́rìn-ín ṣì ń mí. Ìyẹn nìkan ni mo gbọ́.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Agégi wálé wá wo àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó yà lọ́dọ̀ mi. Kó tó jókòó, ó ti dọ̀bálẹ̀. Ó ní ká ní mo jẹ́ kí wọ́n wọ ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì yẹn ni, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò lọ́hùn-ún ni gbogbo wọn ì bá kú sí. Ó ní òun ti sọ fún gbogbo abúlé. Mo ní kó dìde, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ó rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ó ti sọ fún gbogbo abúlé lóòótọ́. Láàárọ̀ yìí ni baba kan tí igi já lù lẹ́sẹ̀ ní òun ò wọ Ọmọge, òun ò fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan wá ikú. Orí alùpùpù ni wọ́n gbé e lé, ó ń ké. Irọ́ mi ti ń bímọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Jẹ́jẹ́ wa Ọmọge yí ká gbàgede lónìí níwájú àwọn tó wá gboògùn, ó ń tẹ bíréèkì, ó ń dúró, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń dúró. Ẹnìkan pariwo pé ọ̀nà títẹ́jú nìyẹn, kó lọ dán an wò lórí òkè. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àgbàlagbà.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ó wá bá mi. Ó ní látìgbà tóun ti ń wakọ̀, òun ò pa adìyẹ rí, wọ́n wá ní òun wa ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì wálé. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Mo ní màá sọ. Ó ní, nígbà wo? Mo ní tára obìnrin náà bá yá. Ó ní, "Tí kò bá wá yá ńkọ́, Nọ́ọ̀sì?"



Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ẹlẹ́rìn-ín ti lajú! Ó ríran, ó jẹun, ó béèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Mo jó nínú yàrá mi. Mo ṣì ń jó lọ́wọ́ nígbà tí mo rántí ohun tí mo sọ fún Jẹ́jẹ́. Mo jókòó.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Àná ni Ẹlẹ́rìn-ín padà wálé, Jẹ́jẹ́ ló wa Ọmọge lọ gbé e ní ọsibítù. Jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé ọkọ rẹ̀ ti lọ bẹ àwọn ọlọ́kọ̀ pákó pé kí wọ́n gbé wọn. Obìnrin náà ní rárá, ọkọ̀ àjọ lòun máa wọ̀. Ọkọ rẹ̀ ń bá a jà, obìnrin náà ti gun Ọmọge, ó ti dùbúlẹ̀.

Wọ́n wá sọ́dọ̀ mi lónìí. Agégi ti ọmọlanke kan wá, igi ìdáná ló kún inú ẹ̀, gbígbẹ, lílà dáadáa, irú èyí tó ń tà fún àwọn olówó. Ó ní òun ò ní ohun mìíràn tóun lè fi dúpẹ́. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti ń tò ó mọ́ ògiri ilé ìdáná mi.

Mo mú ìyàwó rẹ̀ wọlé. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti lọ sílẹ̀. Ó ti rù, ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wí ohun tí gbogbo èèyàn máa ń wí, pé omi ló dànù, agbè ò —

Ó ní, "Ẹ má wí i fún mi, Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin kọ́."

Mo tú ẹ̀rọ kúrò lápá rẹ̀.

Ó ní, "Ojú lẹ bò lọ́jọ́ náà. Ẹ ò bò mí létí. Mo gbọ́ tí awakọ̀ yín ní epo kún inú ẹ̀. Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ fi dá a lóhùn."

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́, mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Kò pariwo mọ́ mi. Ojú ń tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè. A ń gbọ́ ìró igi níta, ọ̀kan lórí èkejì.

Ó ní kí n dìde. Ó ní, "Kì í ṣe èmi lẹ máa kúnlẹ̀ fún. Ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún yín kiri wà níta yẹn. Mi ò tíì sọ fún un, ẹnu yín ni mo fẹ́ kó ti gbọ́ ọ. Ẹ lọ sọ fún un kó tó to igi yẹn tán."

Mo jáde. Ó ti tò ó dé àyà. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní èyí á tó yín lò títí òjò fi máa dá. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Mo sọ ọ́ fún un. Mi ò fi àwáwí kankan lọ́ ọ: epo wà, awakọ̀ wà, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi, mo ń tọ́jú ọkọ̀ de àlejò. Igi kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò jù ú, kò gbé e kalẹ̀.

Ó ní, "Bíréèkì ńkọ́?"

Mo ní kò sí nǹkan tó ṣe bíréèkì.

Ó ní, "Mo ti sọ fún gbogbo èèyàn." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ yín níwájú gbogbo èèyàn."

Mo ní màá lọ sọ òótọ́ fún wọn lọ́la, lójú gbogbo wọn, lójú Jẹ́jẹ́. Bóyá ó gbọ́, mi ò mọ̀. Ó yíjú padà, ó gbé igi ọwọ́ rẹ̀ sínú ọmọlanke. Ó tún lọ mú èyí tó wà lókè pátápátá lára ògiri, ó gbé òun náà sínú ẹ̀. Ó ń kó o padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò fi ìbínú jù ú, ó ń tò ó gẹ́gẹ́ bó ṣe tò ó wá. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá.

Mo dúró títí. Nígbà tó yá, èmi náà lọ mú igi kan, mo nà án sí i. Kò wò mí lójú, ṣùgbọ́n ó gbà á. Mo tún na òmíràn sí i. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kó gbogbo rẹ̀ padà, kò ku ẹyọ kan.