Ti Àárọ̀ Tèmi, Ti Alẹ́ Ti Fàósátù

Èmi, Ṣẹ̀rífátù Àbẹ̀kẹ́ Ọláògún, ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́, tí ń yan ẹja ní Èbúté Ìkòròdú, tí ń gbé ní Ìgbògbò, ni mo ń sọ èyí tí a ń kọ. Apá òsì mi ti kú, ṣùgbọ́n orí mi pé. Mọ́fẹ́yìsára, ọmọ ọmọ mi, ni kí ó pín ogún mi.

Kìn-ín-ní: Ilé mi ní Ìgbògbò, yàrá mẹ́rin. Méjì iwájú, ti Mọ́fẹ́yìsára. Méjì ẹ̀yìn, ti Kúbúrátù, ọmọ Fàósátù orogún mi. Ẹ má yanu. Ọgbọ̀n ọdún ni èmi àti Fàósátù fi jà lórí ọkọ tí kò tó ìjà. Ṣùgbọ́n ẹja tí ó bá wọlé, a ń pín in sí méjì kí á tó jà. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn.

Èkejì: Ààrò ẹja mi, ti Kúbúrátù. Ó mọ iná dá ju àwọn ọmọ mi lọ.

Ìkẹta: Ewúrẹ́ mẹ́ta, ti Mọ́fẹ́yìsára. Kí wọ́n má pa ìkankan níbi òkú mi. Ẹni tí kò bẹ̀ mí wò kò gbọdọ̀ jẹran mi.

Ìkẹrin: Làtífù, ọmọkùnrin mi, jogún ìwé kan. Ní ọdún 2004, lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ́kọ́ fà mí lẹ́nu, àwọn dókítà yunifásítì kan wá. Làtífù ló ka ìwé wọn fún mi. Ó ní oògùn ọ̀fẹ́ ni, mo tẹ̀ka. Kò kà á débi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ìwádìí ni, pé n kò gbọdọ̀ fún ẹlòmíràn nínú oògùn náà. Ìwé náà wà lábẹ́ ibùsùn mi. Kí ó kà á tán.

Ìkarùn-ún: Ẹ̀jẹ̀ ríru Fàósátù ju tèmi lọ. Àwọn dókítà náà lé e padà. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá ti kọlù nìkan ni wọ́n ń gbà. Mo bá pín oògùn náà bí ẹja: ti àárọ̀ tèmi, ti alẹ́ tirẹ̀. Á ní mo fẹ́ fi pa òun kí n lè jogún ìkòkò òun, á sì gbé e mì. Lóṣooṣù wọ́n ń ka èyí tó kù, ó ń pé. Nígbà tí Mọ́fẹ́yìsára ka ìwé náà tán fún mi, mo fẹ́ jẹ́wọ́. Làtífù ní kí n panu mọ́, kí wọ́n má baà yọ mí kúrò nínú ìwádìí wọn. Mo panu mọ́, mo ń pín in lọ. Ní 2006 àrùn pa Fàósátù. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ó mú apá mi. Dókítà kọ ọ́ pé oògùn náà kò ràn mí. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa irọ́ náà, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́ láàyè.

Ìkẹfà: Kí Mọ́fẹ́yìsára gbé igo oògùn tó kù lọ bá àwọn dókítà náà, kí ó sọ pé ìdajì ni mo mu. Kí wọ́n má fi irọ́ mi wo ẹlòmíràn. Kí wọ́n kọ orúkọ Fàósátù síbẹ̀. Wọ́n ní kò yẹ fún ìwé wọn. Inú ìwé náà ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí a tó ṣe èyí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohunkóhun.

Àtàǹpàkò òsì ni mo tẹ̀ sí ìwé tiwọn. Ó ti kú. Ti ọ̀tún ni mo tẹ̀ sí èyí, lẹ́yìn tí ẹni méjì kà á fún mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ọ̀kan kò sí níbẹ̀ nígbà tí èkejì ń kà.

Ìgbògbò, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ, ọdún 2007.

Àtàǹpàkò ọ̀tún Ṣẹ̀rífátù Àbẹ̀kẹ́ Ọláògún

Ẹlẹ́rìí tí ó kọ́kọ́ kà á: Festus Adéòjó
Ẹlẹ́rìí tí ó tún un kà: Oríyọmí Mojúbàolú