Jókòó Tì Mí, Má Tíì Lọ

Sátidé, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà 1978

Ìpàdé wa tún dùn lónìí. Àwa mẹ́ta péré bí ìṣe wa: èmi, Rábì àti Tàjú. Bàbá Ilé ti sá wọ yàrá kí wọ́n tó dé. Ọláníran ọkọ mi yìí! Ó ní òun ò lè máa gbọ́ orin tí òun ò mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń bú nínú rẹ̀.

Rábì kì í ṣe rábì o. Gbádégẹṣin ni, ti ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ìjọba rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Ísírẹ́lì fún oṣù mẹ́fà ní 1962, láti ìgbà náà etí wa ò sinmi. Èmi náà lọ, Háífà, 1964, ẹ̀kọ́ ìdàgbàsókè ìlú tí wọ́n ṣe fún àwa obìnrin. Èmi kì í fi yọ ènìyàn lẹ́nu. Tàjú ní tirẹ̀ kò débẹ̀ rí. Tàjúdéènì awakọ̀, tó ń wa mọ́tò fún ẹńjiníà Júù kan tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń kọ́lé lọ́hùn-ún ní Amúwo. Inú mọ́tò ọ̀gá rẹ̀ ló ti gbọ́ orin wọn títí ó fi wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Mùsùlùmí òdodo ni, síbẹ̀ òun ló mọ orin Júù jù nínú wa.

Òfin ẹgbẹ́ wa: ẹni tó bá mú orin wá gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Èmi ni mo mú tòní wá, àwo orin mi àtijọ́ tó máa ń há níbi mẹ́ta. Mo sọ̀rọ̀ Sípò fún wọn. Sípórà, ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa lórin ní ilé tí a dé sí. Ó máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú àkọ́díọ̀nù lórí itan, òkun á máa dán nísàlẹ̀ òkè, àwa obìnrin láti ilẹ̀ gbogbo á di ọwọ́ ara wa mú, a ó máa jó yípo. Bàtà mi kan já níbẹ̀. Mi ò jẹ́ kí wọ́n rán an.

Omi bọ́ lójú mi díẹ̀. Rábì ṣe bí ẹni ń wo fáànù.

Ọdún karùn-ún rèé tí ìjọba wa ti bá wọn já, a ò rí àwo tuntun rà mọ́ ní gbogbo Èkó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Tàjú fi gbé wa dìde lórí àga: ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ ti lọ sílé, ó ń kó kásẹ́ẹ̀tì bọ̀, orin tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń kọ báyìí.

Túsìdeè, 5 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kò síná. Kò sómi. Ilé tuntun, ìyà àtijọ́.

Sátidé, 9 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kásẹ́ẹ̀tì dé! Ẹ̀sín náà bá a dé.

Ìyàwó ẹńjiníà bi Tàjú ìgbà tí a máa ń gbọ́ orin wa. Tàjú ní Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi wọn, nìyẹn! Ẹni tó bá ń pa á mọ́ láàárín wọn kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, àfi tí ìràwọ̀ mẹ́ta bá yọ. Ọdún kan gbáko la ti ń ṣe é! Rábì ló sì mú Sátidé, ó ní kí á lè bu ọlá fún wọn.

Mo wo Rábì. Rábì wo ilẹ̀.

A pinnu láti ṣe é bó ṣe yẹ. A gbé kásẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì, a jókòó yí i ká bí ọmọdé tó ń dúró de ìrẹsì Kérésì, títí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. A bọ́ sí bàrándà. Ìràwọ̀ kìíní, ìkejì. Ìkẹta yọ lápá Abúlé Adó, Rábì ní ọkọ̀ òfuurufú ni. Wọ́n jà sí i. Ìràwọ̀ ni.

Orin àwọn ọ̀dọ́ yìí yàtọ̀ o. Gìtá oníná, ìlù òyìnbó, obìnrin mẹ́ta tó ń gbè é lẹ́yìn. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ó kàn ń ṣe mí bíi pé mo padà sí ilé tí mo gbé rí, mo rí i pé wọ́n ti kun ún ní ọ̀dà mìíràn. Rábì fajú ro. Ó ní Sáàmù Dáfídì ni wọ́n ń fi jó báyìí? Tàjú ní, "Ọ̀gá, Dáfídì yẹn fúnra ẹ̀ jó nígbà kan, aṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára ẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ìgbà tó kan orin karùn-ún ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó dé ìlà kejì. Orin tí màmá mi fi ń rẹ̀ mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ohùn náà gan-an, bó ṣe ń gòkè, bó ṣe ń dúró díẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Mo dìde dúró. Mo gbé e pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tiwa:

*Jókòó tì mí, má tíì lọ,*
*Oòrùn ṣì wà lórí òrùlé.*
*Jókòó tì mí, má tíì lọ,*
*Ilẹ̀ ò tíì ṣú, ta ní ń pè ọ́?*

Ó wọ inú rẹ̀ rẹ́gí. Tàjú la ẹnu sílẹ̀. Rábì ní, "Orin a máa jọra, Mádáàmù."

Mádáàmù kọ́, Mádáàmù ni.

Sọ́ńdè, 10 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ìwàásù. Mo ti rántí ọjọ́ tí mo kọ́ Sípò lórin náà. Àárò ilé ń sọ mí, mi ò jẹun. Ó wá jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní orin wo ni màmá mi máa ń kọ fún mi. Mo kọ ọ́. Ó ní kí n tún un kọ. Ó bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀, mo sọ fún un. Mo ní ìrọ̀lẹ́ ni Màmá máa ń kọ ọ́, kí n má baà sá jáde lọ ṣeré. Ó fi àkọ́díọ̀nù wá ohùn rẹ̀ títí ó fi bá a.

Mo rò pé ó ń tù mí nínú ni.

Wẹ́sìdeè, 13 Sẹ̀tẹ́ńbà

Tàjú ya ibí kó tó lọ gbé ọ̀gá rẹ̀. Ó ti mú kí ìyàwó ẹńjiníà ka ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ orin karùn-ún: Sípórà. Ẹni tó dá ohùn rẹ̀: Sípórà. Sípò mi! Gbogbo ènìyàn ló ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún báyìí, ó ní, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Sábáàtì ni wọ́n ń bẹ̀ nínú rẹ̀, pé kó dúró díẹ̀ sí i, kó má tíì lọ.

Sábáàtì! Ìtumọ̀ tí mo ṣe fún un náà ló kó lọ.

Inú ń bí mi. Ọbẹ̀ jóná. Mo bù ú fún Bàbá Ilé bẹ́ẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán.

Sátidé, 16 Sẹ̀tẹ́ńbà

Èmi àti Rábì fà á. Ó ní ènìyàn ńlá ni òun mọ̀ pé àwọn akọrin wọn jẹ́, wọn ò nílò àtiwá jí orin ọlọ́mọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní tó bá jẹ́ òótọ́, kí n mú ẹlẹ́rìí kan wá, ẹyọ kan. Mo ní ẹlẹ́rìí mi ń bẹ láàyè, ó sì ń bọ̀ wá kí mi.

Tàjú, ẹni tó máa ń wá ọ̀nà ká jọ rẹ́rìn-ín, ní ọ̀gá òun ń padà sílé pátápátá, Sọ́ńdè ọjọ́ òmìnira ni ọkọ̀ rẹ̀ ń gbéra. Kí n kọ lẹ́tà. Ìyàwó rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe lè rí Sípórà.

Túsìdeè, 19 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo kọ ọ́. Ojú ewé mẹ́ta. Mo pè é lólè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo pa ọ̀kan rẹ́. Mo tún padà kọ ọ́.

Fúráídeè, 22 Sẹ̀tẹ́ńbà

Bàbá Ilé bi mí lálẹ́ àná bóyá owó ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ obìnrin náà. Mo ní rárá. Ó ní kí wá ni?

Mo ní mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni wọ́n kọ ọ́ fún. Àwa mẹ́rin ni Màmá bí, èmi nìkan ló kọ orin yẹn fún. Àwọn àbúrò mi ò gbọ́ ọ rí, àfi lẹ́nu mi. Àwọn ni bàbá wa fún ní ilẹ̀, àwọn ni wọ́n rán lọ sí ilé-ìwé tó dára jù. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí, orin ni mo ní. Ẹnìkan ò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Ó dáa, Adébùnmí." Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí nígbà mìíràn.

Túsìdeè, 26 Sẹ̀tẹ́ńbà

Màmá dé. Àbúrò mi gbé e wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú èlùbọ́ tó lè bọ́ gbogbo ilé yìí. Ó wo Festac yíká, ó ní gbogbo ilé jọra wọn bí ìbejì, báwo ni ọ̀mùtí ṣe ń mọ tirẹ̀? Àtẹ̀gùn dá a lágara. Ó ti rù. Ohùn rẹ̀ ṣì le.

Mi ò sọ nǹkan kan fún un nípa orin náà. Rábì ò ní rí i wí pé mo ti kọ́ ẹlẹ́rìí mi ní ohun tó máa sọ.

Sátidé, 30 Sẹ̀tẹ́ńbà

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́. Rábì dọ̀bálẹ̀ kí Màmá dáadáa, èyí wú mi lórí. Màmá jókòó ti fèrèsé, ó ń bó ẹ̀pà. Ìràwọ̀ yọ. Tàjú tẹ ẹ̀rọ, ó ti fà á dé orí orin karùn-ún.

Ọwọ́ Màmá dúró nínú ẹ̀pà. Ó gbọ́ ọ dé ìdajì, ó ní kí wọ́n pa á. Tàjú pa á. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán. Ó wá bi wá, ó rọra bi wá ni: "Ta ni wọ́n ń bẹ̀ kó má lọ?"

Ẹnìkan ò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹnìkan ò sọ nǹkan kan fún un.

Rábì ṣí fìlà lórí. Mo wò ó tìdùnnú-tìdùnnú, kí n má purọ́. Mo ní, Màmá, ẹ sọ fún wọn, èmi lẹ kọ ọ́ fún.

Màmá wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ kọ́."

Ẹ̀bùnlọlá ni. Ọmọ kan wà ṣáájú mi. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí èéyi mú un. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń le sí i, á máa nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ẹnìkan ń pè é síta. Màmá ò mọ ohun tí òun tún lè ṣe mọ́, ló bá ń kọrin fún un, kó lè jókòó. Ẹnu ara Màmá ló ti rí ohùn náà, kò gbọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnìkan. Ọjọ́ kẹfà ni ọmọ lọ. Bàbá wa ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé. Wọn ò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Mo ní, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ fún mi. Ohùn mi dà bí ti ọmọdé létí ara mi.

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Nígbà tí o dé, ẹ̀rù ń bà mí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo ń kọ ọ́ sí ọ létí kí ìwọ náà má baà lọ. Nígbà tí mo fi máa bí àwọn àbúrò rẹ, ẹ̀rù yẹn ti kúrò lára mi."

Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo fi ń yangàn pẹ̀lú ẹ̀rù ìyá mi.

Màmá ní kí Tàjú tún tẹ̀ ẹ́. Ó bá àwọn obìnrin mẹ́ta inú kásẹ́ẹ̀tì kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tiwa, ó kọ ọ́ sókè. Kò kọ ọ́ sókè rí, ó ní, nítorí bàbá wa. Tàjú ń nu ojú. Rábì lọ dúró ní bàrándà, kò wọlé mọ́ títí tó fi lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo sọ̀rọ̀ Sípò fún Màmá. Ó bi mí bóyá obìnrin òyìnbó náà ní ọmọ. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní mélòó ló ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún? Mo ní wọ́n pọ̀, gbogbo ìlú. Ó mi orí. Ó ní, "Wọ́n ṣeun."

Sọ́ńdè, 1 Ọkitóbà

Tàjú wá gba lẹ́tà ní òwúrọ̀, ọ̀gá rẹ̀ ti wà nínú mọ́tò. Ojú ewé mẹ́ta yẹn ti wà nínú ààrò. Mo bi Màmá kí n tó kọ òmíràn, ó ní kí n kọ ọ́. Kò gùn:

Sípò, ọmọ tó ni orin náà ń jẹ́ Ẹ̀bùnlọlá. Ẹ̀gbọ́n mi ni.